Módẹ́mù Àlòkù àti Ráútà Àlòkù fún Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé: Èyí Tí Ó Tó Owó Rẹ̀ àti Èyí Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Ṣọ́ra Fún

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwa tí a ń gbé inú fúláàtì káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù ni fáíbà kò tíì wọ ilé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gba iwájú ilé wa kọjá lọ sí àdúgbò mìíràn. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń fa okùn náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilé kí ó tó lè lu ògiri, ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí sì máa ń falẹ̀ gan-an. Títí di ìgbà náà, orí wáyà bàbà tí tẹlifóònù ń gbà láti ayé àwọn bàbá ńlá onílé ni íntánẹ́ẹ̀tì wa ṣì ń gbà wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní DSL. Nítorí náà ni mo ṣe ra módẹ́mù àlòkù kan àti ráútà àlòkù kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, dípò kí n ná owó ńlá lé àpótí tuntun lórí fún wáyà tí kò ní pẹ́ kógbá sílé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ nílé mi, mo sì lè sọ ibi tí owó mi ti bọ́ sí i àti ibi tí ọjà náà ti le.

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun kan náà ni módẹ́mù àti ráútà, nítorí pé inú àpótí kan ṣoṣo ni àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kó wọn sí. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Módẹ́mù ni ó ń gba àmì tí ó ń bọ̀ lórí wáyà tẹlifóònù, tí ó sì ń sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò. Ráútà ni ó ń pín in káàkiri ilé, òun ni ó ń tan Wi-Fi, òun náà ni ó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láàárín ilé àti gbogbo ayélujára. Wáyà bàbà kò yí padà mọ́, kò sì sí ẹni tí ó tún fẹ́ ná owó lé e lórí, nítorí náà módẹ́mù tí ó bá a mu ní ọdún 2012 ṣì bá a mu lónìí. Ráútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tí ó ṣe é kò ní fi àtúnṣe sọ́fítíwià ránṣẹ́ sí i mọ́, láti ọjọ́ náà lọ sì ni àléébù yòówù tí àwọn ọ̀daràn bá rí nínú rẹ̀ yóò máa wà níbẹ̀ títí ayé. Èrò mi ni pé módẹ́mù lè gbó bí ó bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ráútà kò gbọdọ̀ gbó, orí èrò yìí ni mo sì gbé gbogbo ohun tí mo rà lé.

Módẹ́mù tí mo rà ni HG612 ti Huawei. Ẹni tí ó bá ti wà ní Bìrìtéènì tipẹ́ yóò mọ̀ ọ́n bí ó bá rí i. Nígbà tí Openreach, ilé-iṣẹ́ tí ó ń bójú tó wáyà tẹlifóònù, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fáíbà dé inú àwọn kábínẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òṣìṣẹ́ wọn ni ó máa ń wá sí ilé oníbàárà láti wá gbé àpótí funfun kékeré kan kọ́ sára ògiri: ó lè jẹ́ ti Huawei yìí, ó sì lè jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ECI. Ní ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ BT gbé ráútà Home Hub 5 jáde, èyí tí módẹ́mù náà ti wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àpótí funfun náà ṣe kúrò lára ògiri tí wọ́n sì wọ inú dúrọ́ọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀ lọ́jà àlòkù títí di òní, tí owó wọn kò sì jọ ni lójú. Èyí tí mo rà kò tó pọ́n-ùn 15, owó ìfiránṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Kò sí ẹwà kankan lára rẹ̀. Ike tí a fi ṣe é ti ń pọ́n díẹ̀ ní etí kan, àmì bébà tí ẹnìkan ti lẹ̀ mọ́ ọn rí ṣì hàn níwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ihò wáyà tẹlifóònù wà, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ DSL sí, pẹ̀lú ihò méjì fún wáyà ráútà, LAN1 àti LAN2. LAN1 ni kí ẹ ki wáyà ráútà bọ̀. Tí iná bá dé, ẹ máa wo iná tí wọ́n kọ DSL sí níwájú: yóò kọ́kọ́ máa ṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, yóò wá máa ṣẹ́jú kíákíá bí ó ti ń bá kábínẹ́ẹ̀tì dúnàá-dúrà, lẹ́yìn náà ni yóò dúró gbọn-in. Bí ó bá ti dúró, iṣẹ́ módẹ́mù parí. Ohun yòówù tí kò bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹ̀bi rẹ̀ sọ́dọ̀ ráútà tàbí sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyàtọ̀ yìí nìkan ti tó ìdí láti ya àpótí méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé ẹni tí ó ń lo àpótí kan ṣoṣo kì í tètè mọ ibi tí àrùn wà.

Àwọn kan lè sọ pé ihò LAN inú HG612 kò kọjá mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, pé ó ti di ohun àná. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni lára. Orí irú wáyà yìí, tí wọ́n ń pè ní VDSL2, 80 ni ó ga jù tí Openreach ń tà fún gbígbà wọlé, 20 sì ni fún fífi ránṣẹ́ jáde. Kí ó tó di ọdún 2012, 40 péré ni. Àpótí tí ó lè gbé 100 kò ní ìṣòro pẹ̀lú 80. Módẹ́mù Vigor 130 ti DrayTek, tí àwọn onímọ̀ máa ń yìn, wọ́n ju èyí lọ lọ́nà púpọ̀ kódà ní àlòkù. Ẹ̀gbọ́n mi kan yá mi ní tirẹ̀ kí n fi wọ̀n ọ́n, ìyàtọ̀ tí mo rí kò tó ohun tí a ń ná irú owó bẹ́ẹ̀ lé lórí. Ohun tí Vigor fi dára jù ni pé ó ní ojú-ewé tí a ti lè rí ipò wáyà láìṣe wàhálà. HG612 gẹ́gẹ́ bí Openreach ṣe fi í sílẹ̀ kì í jẹ́ kí a wo inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tà á ti fi sọ́fítíwià mìíràn tú u sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ti tú ni kí ẹ rà bí owó rẹ̀ bá fi díẹ̀ ju èkejì lọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni ẹ ti máa rí ìyára tí wáyà yín lè gbé gan-an, kì í ṣe èyí tí ìpolówó ọjà ń pariwo.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé módẹ́mù tí ó wọ́n yóò sọ wáyà burúkú di rere. Gígùn wáyà bàbà láti kábínẹ́ẹ̀tì dé ilé ni ó ń pinnu gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní mítà 200 tàbí 300 sí i lè rí ohun tí ó súnmọ́ 80, ṣùgbọ́n ẹni tí wáyà rẹ̀ bá gùn tó kìlómítà kan kò ní rí ìdajì rẹ̀. Lẹ́yìn gígùn, wáyà inú ilé ni ó kàn. Ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí wáyà ìta gbà wọlé. Lára àwọn ti àtijọ́, ìdajì ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ ṣeé tú pẹ̀lú skúrù méjì, ihò kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a fi ń dán wáyà wò. Ẹ fi fílítà kékeré, èyí tí ó ń ya ohùn tẹlifóònù kúrò lára íntánẹ́ẹ̀tì, sí i, kí ẹ sì ki módẹ́mù bọ ibẹ̀ fún ìwọ̀nba àkókò. Bí ìyára bá lọ sókè, a jẹ́ pé wáyà tí ẹnìkan fà kiri inú ilé, láti pálọ̀ dé yàrá, ni ó ń jẹ ẹ́. Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì yẹ kí ẹ ṣe é kí ẹ tó ra ohunkóhun rárá.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn olùtà kì í sọ. Openreach ní ètò kan tí ó ń ṣọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan tọ̀sán-tòru. Bí ó bá rí i pé ìsopọ̀ ń já léraléra, yóò dín ìyára rẹ̀ kù kí ó lè dúró, kò sì mọ̀ bóyá òjò ni ó ń fa jíjá náà tàbí ènìyàn tí ó ń yọ pulọ́ọ̀gì tí ó sì ń kì í bọ̀ láti dán módẹ́mù tuntun wò. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ módẹ́mù, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó máa tàn lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ ráútà gba ìrònú jù. Archer AX20 ti TP-Link ni mo rà, ní ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí ó kàn fẹ́ palẹ̀ ilé mọ́. Mo yàn án nítorí pé Wi-Fi 6 ni ó ń lò, àti nítorí pé ihò WAN rẹ̀, ìyẹn èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ inú rẹ̀, yóò bá fáíbà mu ní ọjọ́ tí fáíbà bá wọlé. Tí fáíbà bá dé, àpótí ti ilé-iṣẹ́ fáíbà fúnra rẹ̀ ni yóò wà lára ògiri, HG612 yóò lọ sí ibi àtúnlò, ráútà yóò sì dúró sí àyè rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nínú fúláàtì wa, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ kọ́ńkéré láti òkè dé ilẹ̀, ìgbì 5GHz rẹ̀ ń yára gan-an ní pálọ̀ àti yàrá tí ó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kò wọ yàrá ẹ̀yìn dáadáa. Ìgbì 2.4GHz ni ó ń dé ibẹ̀, ó sì tó fún ẹni tí ó ń wo fíìmù tàbí tí ó ń fi fídíò WhatsApp bá àwọn ará ilé ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Àwọn eré orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ ń ṣe ni mo fi wáyà so mọ́ ráútà ní tààrà, kí àlàáfíà lè jọba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá nínú rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tan án. Orúkọ Wi-Fi tí ó jáde ni orúkọ ìdílé kan, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé wọn. Nígbà tí mo sì wọ ojú-ewé ètò rẹ̀ pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ sórí bébà kékeré lábẹ́ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ wọn ṣì wà níbẹ̀ gbagidi. Kò sí ẹni tí ó nù ún kúrò, olówó rẹ̀ kò ṣe é, ilé ìtajà náà kò sì ṣe é. Èmi kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni olè náà yóò rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta tirẹ̀ kí ó fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì inú ihò kékeré tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó dì í mú títí gbogbo iná yóò fi yí padà, kí ó tó gbé e síta. Ẹni tí ó rà á kí ó tún un ṣe bákan náà, nítorí pé a kò mọ ètò tí ẹlòmíràn ti fi sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìfura lásán. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, FBI ní Amẹ́ríkà rọ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n pa ráútà ilé wọn kí wọ́n sì tún un tàn, nítorí kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní VPNFilter tí ó ti wọ inú ráútà àti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 500,000 káàkiri orílẹ̀-èdè 54. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà jẹ́ irú èyí tí a ń rí lórí àtẹ àlòkù. Bìrìtéènì ti ṣe òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, tí kò gba kí ilé-iṣẹ́ máa ta ẹ̀rọ tí ó ní páásíwọ́ọ̀dù tí gbogbo ayé mọ̀, tí ó sì ní kí wọ́n sọ iye àkókò tí wọn yóò fi máa tún sọ́fítíwià rẹ̀ ṣe. Àwọn ráútà tí wọ́n tà ṣáájú ọjọ́ náà ni ó kún ọjà àlòkù. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ráútà náà dojúdé, ẹ ka orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, nítorí pé V1 àti V3 lè jẹ́ ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àpótí kan náà, kí ẹ sì wò ó lórí ojú-ewé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é bóyá wọ́n ṣì ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i. Bí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ kẹ́yìn bá ti tó ọdún mẹ́rin, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀, ì báà jẹ́ pọ́n-ùn márùn-ún ni wọ́n pè é.

Orúkọ ara ẹ̀rọ ni ó máa ń tan àwọn oníbàárà jù. Olùtà kan lórí ayélujára polówó ohun tí ó pè ní módẹ́mù DSL fún mi, àwòrán rẹ̀ sì hàn kedere pé kò ní ihò tẹlifóònù rárá. Àpótí ilé-iṣẹ́ Virgin Media ni, tí wáyà rẹ̀ jẹ́ oríṣi mìíràn pátápátá, kò sì lè bá wáyà tẹlifóònù ṣe ohunkóhun. Lọ́dọ̀ TP-Link, Archer C àti Archer AX jẹ́ ráútà lásán, Archer VR ni ó ní módẹ́mù VDSL nínú, Archer D sì jẹ́ ti ADSL, ìyẹn irú DSL àtijọ́ tí kò yára tó VDSL. Èyí tí wọ́n kọ ADSL2+ nìkan sí lára kò ní gba ju mẹ́gábíìtì 24 lọ, orí wáyà ADSL nìkan ni ó sì ti wúlò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí olùtà sọ fún yín pé DSL ni DSL. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àpótí tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń fún àwọn oníbàárà wọn. Wọ́n pọ̀ lọ́jà bí iyanrìn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò gbà kí a yí orúkọ ìwọlé inú wọn padà, nítorí náà ilé-iṣẹ́ tí ó ni wọ́n nìkan ni wọ́n ń sìn.

Ìsopọ̀ fúnra rẹ̀ kò le. Lọ́dọ̀ BT, PPPoE, ìyẹn ọ̀nà ìsopọ̀ tí ó ń béèrè orúkọ ìwọlé, ni a ń yàn lórí ráútà, orúkọ ìwọlé bthomehub@btbroadband.com ni gbogbo ènìyàn sì ń lò. Lọ́dọ̀ TalkTalk, kò sí orúkọ ìwọlé rárá. Sky ni ó ní wàhálà díẹ̀, nítorí pé ètò kan wà tí ráútà gbọ́dọ̀ mọ̀ tí a ń pè ní option 61, kì í sì í ṣe gbogbo ráútà ni ó mọ̀ ọ́n. Oníbàárà Sky kí ó wádìí èyí kí ó tó ra ohunkóhun. Nọ́ńbà VLAN 101 tí Openreach ń béèrè, HG612 ni ó ń bójú tó o fúnra rẹ̀, ráútà kò nílò láti mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ fojú sí adápítọ̀ iná pẹ̀lú. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ kú lára àwọn ẹ̀rọ yìí nìyẹn, ohun náà ni àwọn olùtà sì máa ń fi èyí tí wọ́n bá rí rọ́pò rẹ̀. Èyí tí ó bá HG612 mi wá gbóná débi pé n kò lè fọwọ́ lé e, mo sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́gán. Fóólùtì tí wọ́n kọ sára adápítọ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ẹ̀rọ ń béèrè, ámpíà rẹ̀ sì lè jù ú lọ ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kéré sí i.

Àwọn kan wà tí n kò ní gbà níyànjú láti ṣe ohun tí mo ṣe yìí. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2027 ni wọ́n fẹ́ pa ètò tẹlifóònù àtijọ́ rẹ́ pátápátá ní Bìrìtéènì, wọ́n sì ti ń kó tẹlifóònù ilé lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀. Wáyà bàbà yóò ṣì máa gbé íntánẹ́ẹ̀tì lọ lẹ́yìn ìyẹn níbi tí fáíbà kò bá tíì dé, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ BT, ẹ̀yìn ráútà Smart Hub 2 tiwọn ni tẹlifóònù náà ń gbà. Bí màmá tàbí bàbá àgbà bá wà nínú ilé tí ó ń fi tẹlifóònù ilé pe Nàìjíríà, tàbí tí ó ní ẹ̀rọ tí ó ń pe ìrànlọ́wọ́ bí ó bá ṣubú, yíyọ àpótí náà kúrò yóò pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ti ilé-iṣẹ́ ni kí wọ́n máa lò lọ.

Ẹ má sì ṣe kó módẹ́mù DSL sínú àgbá tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ilé. Wáyà NITEL ti kú tipẹ́, kò sì sí ibi tí wọn yóò ki i bọ̀. Ráútà tí ó ń gba káàdì SIM ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì ní ọjà tirẹ̀.

Ní ti ibi tí ẹ ti máa rà á, mo pín in sí méjì. Módẹ́mù, mo lè rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé bí ó bá bàjẹ́, pọ́n-ùn mẹ́wàá àti díẹ̀ ni ó bá a lọ. Ráútà, ọwọ́ oníṣòwò ni mo ti máa ń rà á. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ohun tí ó ní àléébù padà fún oníṣòwò kí ẹ sì gba owó yín, ì báà jẹ́ àlòkù, àyàfi bí ó bá ti fi àléébù náà hàn yín kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí ó kàn ń ta ẹrù ilé rẹ̀ kò sí lábẹ́ irú ọranyàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ohun tí ó tà jẹ́ ohun tí ó sọ pé ó jẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń rà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ àti pé VDSL2 ni, kí ẹ sì tọ́jú ohun tí ó kọ pẹ̀lú àwòrán nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó wà lábẹ́ àpótí náà.